Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé: ìrírí mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé nígbà ìbẹ̀wò

Mo ń kọ ìrírí yìí fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, pàápàá àwọn tí yóò bá ọmọ akanda ẹ̀dá pàdé níbi tí wọ́n gbé wọn lọ, tí wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí ìwé bá dé pé àwọn alábẹ̀wò tí ìjọba ń rán wá yẹ ilé-ìwé wò ń bọ̀. Kò sí ẹni tó kọ irú rẹ̀ fún mi. Inú ìṣòro ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀ lónìí, ìyà rẹ̀ sì kan àwọn ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ni ní kíláàsì kí wọ́n tó gbé mi ga. Nígbà tí ìwé ìgbéga náà dé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan kò bá a wá. Ọ̀gá tó ń fẹ̀yìn tì fa kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lé mi lọ́wọ́, ó sì ka àwọn ìwé tó wà níbẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan: rẹ́jísítà ìgbaniwọlé, rẹ́jísítà ìpè-orúkọ ti kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ìwé àkókò tí àwọn tíṣà ń fọwọ́ sí láàárọ̀, ìwé àlejò, ìwé ẹrù ilé-ìwé, ìwé ìjìyà, àti ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní log book. Ó ní, “Ẹ tọ́jú wọn dáadáa o, torí àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè.”

Òótọ́ ló sọ. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀gá ilé-ìwé nìkan ló ń kọ nǹkan sínú log book. Wọn kì í ya ojú ewé rẹ̀, wọn kì í sì í pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ibẹ̀ ni ọjọ́ ìwọlé máa ń wà, ọjọ́ ìpadé, tíṣà tuntun, àjàkálẹ̀ àrùn, àlejò pàtàkì. Mo jókòó, mo ka tiwa sẹ́yìn títí. Mo rí ìjì tó ká páànù ìdajì ilé. Mo rí ọjọ́ tí wọ́n kó bẹ́ǹṣì wá. Mo rí orúkọ olùkọ́ kan tó kú sẹ́nu iṣẹ́. N kò rí ọmọ akanda ẹ̀dá kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń rí wọn nínú ọgbà.

Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí mọ bí ilé-ìwé ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀. A ó fi ẹfun kun òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, a ó gé koríko, a ó lẹ ṣáàtì tuntun mọ́ ògiri, àwọn tíṣà yóò sì pẹ́ ní ilé-ìwé kí wọ́n lè kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tó ti kọjá. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, nítorí bí àlejò bá ń bọ̀ wálé, a máa ń gbálẹ̀. Àmọ́ ní ilé-ìwé tí mo bá, ìgbálẹ̀ náà ti kan àwọn ọmọ pàápàá. Lẹ́yìn ìpàdé wa, tíṣà kíláàsì kẹta dúró sẹ́yìn. Obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó rọra wí pé, “Ọ̀gá mi, ṣé kí n sọ fún àwọn yẹn kí wọ́n jókòó sílé bí a ṣe máa ń ṣe?”

Mo bi í pé àwọn wo. Ó kà wọ́n fún mi: ọmọbìnrin tí etí rẹ̀ di ní kíláàsì tirẹ̀, ọmọkùnrin kíláàsì kejì tó ń fi ọ̀pá rìn, ọmọ kan tí warápá ń ṣe ní kíláàsì kẹrin, àti ọmọkùnrin gíga kan ní kíláàsì kìíní tí gbogbo wọn ti gbà pé kò lè mọ̀wé láéláé.

N kò bínú sí i, nítorí ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Kí n tó dé, alábẹ̀wò kan ti na ìka sí ọmọbìnrin náà pé kí ó dìde kàwé. Ọmọ náà dìde, ó ń wo ẹnu ọkùnrin náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ohun tí ó máa ń ṣe nìyẹn bí àgbàlagbà bá kọjú sí i. Alábẹ̀wò kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì náà kò lè kàwé, wọ́n sì fún tíṣà ní ìwé “wá wí tẹnu ẹ”. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dá ọmọ náà dúró sílé, ìyá àgbà rẹ̀ sì ti mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ránṣẹ́ pé kó má wá, àlejò ń bọ̀ ní ilé-ìwé nìyẹn.

Mo ní kí gbogbo ọmọ wá. Mo rò pé ohun tí ó kù láti ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni ìrora àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, àwọn àlejò kọ orúkọ sínú ìwé àlejò, wọ́n yẹ rẹ́jísítà wò, wọ́n ka àwọn bẹ́ǹṣì, wọ́n wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì pín ara wọn sí kíláàsì. Ẹni tó lọ sí kíláàsì kẹta mú ìwé ọmọbìnrin náà láàárín àwọn ìwé tó wà lórí tábìlì. Èmi náà ti rí ìwé yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì kẹfà lọ. Gbogbo ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù ló ti dà kọ, títí dé lẹ́tà tí tíṣà ṣì kọ tó sì fi ọwọ́ pa rẹ́ lẹ́yìn náà. Àmọ́ níbi tó ti yẹ kí ìdáhùn wà, ìbéèrè náà ló tún kọ, léraléra, lórí ìlà tó gún régé. Tíṣà sì ti fi pupa sàmì “ó dára” sí i ní ojú ewé kan tẹ̀lé èkejì, nítorí pé ìwé náà mọ́ tónítóní, ó sì ní ọmọ tó pọ̀ níwájú rẹ̀.

Ìjábọ̀ tó dé lẹ́yìn náà sọ pé iṣẹ́ kò wọ àwọn ọmọ lórí, pé àwọn tíṣà ń sàmì sí ìwé láì kà á, àti pé ọ̀gá ilé-ìwé kò bójú tó iṣẹ́ wọn. Tíṣà kíláàsì kẹta wá sí ọ́fíìsì mi, ó ń sunkún. Ó ní, “Ọ̀gá mi, mo kúkú ti sọ fún yín.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí n kò ní èsì kankan tí mo lè fún un.

Ìbẹ̀rù tí àwọn olùkọ́ wa ní fún alábẹ̀wò kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ayé àwọn amúnisìn, nínú òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún Kóloní Èkó lọ́dún 1887, ohun tí alábẹ̀wò bá rí ní ilé-ìwé ni wọ́n fi ń pinnu owó ìrànwọ́ tí ilé-ìwé náà máa rí gbà. Ọmọ tí kò bá lè dáhùn mú kí owó dín kù nìyẹn. Owó kì í tẹ̀lé ìdáhùn ọmọ báyìí mọ́, ṣùgbọ́n èrò pé ọmọ tí kò lè dáhùn ń ba tíṣà jẹ́ ṣì wà lára wa. Bí a kò bá sọ èyí síta fún àwọn tó wà lábẹ́ wa, wọn yóò máa rò pé ìkà ló ń mú àwọn kó ọmọ pamọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rù ni.

Nígbà tí mo tún ìjábọ̀ náà kà ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i pé alábẹ̀wò kò purọ́ mọ́ wa. Ohun tó rí ló kọ. Kò sí ibì kankan nínú gbogbo ìwé tí mo gbé síwájú rẹ̀ tí a ti sọ pé etí ọmọ náà di. Ní rẹ́jísítà ìgbaniwọlé, àyè tí a ń kọ àkíyèsí sí ṣófo ní iwájú orúkọ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí òun náà mú wá béèrè iye tíṣà, iye bẹ́ǹṣì, iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀, iye ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Kò béèrè ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ tàbí tí kò ríran dáadáa. Bí ọmọ náà ṣe jókòó sílé tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló jókòó sí kíláàsì ní ọjọ́ yẹn. Ojú rí i, ṣùgbọ́n ìwé kò mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo bẹ nọ́ọ̀sì kan láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa, ó sì kọ́ èmi àti àwọn tíṣà ní àyẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Fún etí, dúró sẹ́yìn ọmọ, fi ìwé bo ẹnu, kí o pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Bí kò bá wẹ̀yìn, gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀, kí o sì kọ ibi tó ti gbọ́ sílẹ̀. Fún ojú, kọ lẹ́tà ńlá àti kékeré sórí kádíbọ́ọ̀dù, kí ọmọ dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ó fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ó sì sọ tàbí kí ó fi ìka yàwòrán ohun tó rí. Àyẹ̀wò yìí kò rọ́pò ti dókítà, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ ẹni tó yẹ kí dókítà rí.

Ohun tí a rí bà wá lẹ́rù. Ọmọ tí etí ń ṣọyún pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Àwọn òbí wọn mọ̀, wọ́n sì gbà pé yóò san fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá ń dàgbà. Àwọn mìíràn ń kán àdín sí i. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wọn pé etí tó ń ṣọyún tí wọn kò tọ́jú lè di ìgbọ́rọ̀ ọmọ lọ́wọ́, pé kí wọ́n má ṣe kán ohunkóhun sí i, kí wọ́n gbé ọmọ wá. Ọmọkùnrin gíga tí wọ́n ní kò lè mọ̀wé kò rí ju lẹ́tà tó tóbi jù lọ. Ìdí rèé tó fi ń da ọ̀rọ̀ kọ láti inú ìwé ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń nà án nítorí ìwò. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ dáwó jọ, wọ́n ra awò ojú fún un. N kò ní sọ pé gbogbo nǹkan yí padà fún un lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ti dàgbà ju àwọn tí wọ́n jọ jókòó lọ, ojú ń tì í láti ka “a, b, d” láàárín àwọn ọmọdé, tíṣà kan sì ní láti máa jókòó tì í lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti pa kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀.

A tún bọ́ọ̀dù kùn. Èédú tí a gún mọ́ ewé la fi kùn ún, bí àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ ti ń ṣe, kí ẹfun lè hàn lójú rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ nìyẹn, ó sì ṣe àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn láǹfààní ju ọ̀pọ̀ ohun tí a náwó lé lórí.

Ní àkókò yìí kan náà ni mo wá òfin rí kà, torí kò sí ẹni tó fún wa. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ti sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ, kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Òfin tó lòdì sí dídẹ́yẹ sí àwọn akanda ẹ̀dá, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sì fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ṣe pàtó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ra, pé ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa ẹ̀kọ́ wọn, pẹ̀lú ohun èlò tó yẹ, àti pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tọ́ sí wọn títí dé ilé-ìwé girama. Ìtanràn 100,000 náírà wà fún ẹni tó bá dẹ́yẹ sí akanda ẹ̀dá, ó sì tó 1,000,000 náírà fún iléeṣẹ́. Mo da àwọn apá tó kàn wá kọ sínú log book, mo sì ka wọ́n sétí àwọn tíṣà ní ìpàdé.

Bí mo ti ń ka òfin náà, mo rántí ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa ìgbà tí ìjọba agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1955. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, nítorí náà wọ́n á ní kí ọmọ gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi ìka kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kàn án, ó ti tó ilé-ìwé lọ. Mo máa ń ronú nípa ọmọ tí apá rẹ̀ rọ nígbà náà, ohun tí ó ṣe ní iwájú tábìlì yẹn, àti ẹni tó mú un padà sílé.

Òfin kò fún mi ní tíṣà, bí ó ti wù kí n kà á tó. Olùkọ́ kan, àgbà láàárín wọn, dìde ní ìpàdé náà, ó ní, “Ọ̀gá, òfin dára. Àmọ́ ọmọ inú kíláàsì mi pọ̀, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ́ adití. Ẹ wá gbé e lé mi lórí báyìí?” Kò ṣe àfojúdi, òtítọ́ ló sọ, mo sì rọ̀ ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá pé kí ẹ má ṣe fi ohùn ìdájọ́ dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn. Mo bi wọ́n léèrè pé ta ló fẹ́ bá mi gbìyànjú. Tíṣà kíláàsì kẹta, tí ìjábọ̀ ti pa lẹ́kún, ló nawọ́.

Àwa méjèèjì lọ sí Ọ̀yọ́, sí Federal College of Education (Special), tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1977 láti máa kọ́ olùkọ́ fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ohun tí a rò pé a ó bá níbẹ̀ ni ìwé ńlá àti ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa ni pé kí ọmọ náà jókòó sí iwájú, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sí ojú tíṣà. Kí tíṣà má ṣe máa sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kọjú sí bọ́ọ̀dù. Kí ó kọ ìbéèrè sílẹ̀ kí ó tó bèèrè. Kí wọ́n sì yan ọmọ kan tí yóò máa fọwọ́ kàn án bí kíláàsì bá ṣí ojú ewé mìíràn. Wọ́n tún sọ pé ọ̀nà wà tí ilé-ìwé lè gbà tọrọ akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. A tọrọ, wọ́n sì fún wa lẹ́yìn ìwé mélòó kan.

Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ jù lọ kò jìnnà sí wa rárá. Télọ̀ kan wà nílùú wa tí kò gbọ́rọ̀, tí ó lọ sí ilé-ìwé àwọn adití ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ Andrew Foster ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni Foster, adití ni òun fúnra rẹ̀, ó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Accra lọ́dún 1957, ó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1960. Láti inú èdè ìfọwọ́sọ̀rọ̀ ti Amẹ́ríkà tó mú wá ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn ilé-ìwé adití wa ń lò ti jáde. Gbogbo ìlú ń rán aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó rò pé ó ní ohun tí ó lè kọ́ wa. A kọ̀wé sí i, ó sì kọ èsì padà pẹ̀lú ọwọ́ tó dára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìpéjọ òwúrọ̀, ó ń kọ́ gbogbo ilé-ìwé ní àmì díẹ̀díẹ̀: ẹ káàárọ̀, omi, ìwé, ó yé mi, kò yé mi. Àwọn ọmọ tètè mọ̀ ọ́n ju àwa àgbà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lówó. Bí ó bá wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì yẹ kí a máa sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni, kí ó fi ṣàánú.

Ó bá mi dé ilé ìyá àgbà ọmọbìnrin náà pẹ̀lú. Ìyá àgbà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ṣùgbọ́n ọmọ tí etí ẹ̀ di, kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe? Ẹ jẹ́ kó wá máa bá mi ta gààrí.” Mo mọ ohun tí òfin sọ nípa òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n n kò fi halẹ̀ mọ́ ìyá arúgbó tó ń tọ́ ọmọ tí àwọn mìíràn fi sílẹ̀ fún un. Mo jókòó. Télọ̀ mú ìwé ìwọ̀n aṣọ rẹ̀ jáde, ó fi orúkọ àwọn oníbàárà àti iye owó tí wọ́n jẹ ẹ́ han ìyá, ó sì nawọ́ sí ara rẹ̀. Ọmọ náà ń wo ọwọ́ rẹ̀ láì ṣẹ́jú. Ìyá wo ìwé yẹn pẹ́. Ó bi mí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, ṣé òun nìkan ló kọ gbogbo èyí?

Ti ọmọkùnrin tó ń fi ọ̀pá rìn rọrùn lójú wa, ìdí nìyẹn tí a fi ṣe é láìdára nígbà àkọ́kọ́. Bíríkìlà kan fi sẹ̀mẹ́ǹtì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, gbogbo wa pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó kúrú, ó sì ga sókè lójijì. Ọmọ náà yọ̀ ṣubú nígbà tí òjò rọ̀. Lẹ́yìn náà la mọ̀ pé ìwọ̀n wà fún un: ìlọ́po 12 gíga àtẹ̀gùn ni gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Kí ojú rẹ̀ má dán, kí irin ìdìmú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó kéré tán. Ẹ fi èyí lé bíríkìlà lọ́wọ́ kí ó tó po sẹ̀mẹ́ǹtì.

Ní ti warápá, àwọn ọmọ àti àwọn òbí ń sá fún itọ́ rẹ̀, tíṣà sì ní ṣíbí kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tí ó fẹ́ máa kì bọ ọmọ náà lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì wá sí ìpàdé òbí, ó ní àìsàn náà kì í ràn, itọ́ rẹ̀ kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ó ní bí gìrì bá mú ọmọ, kí a kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí a fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kí a yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a má ṣe dì í mú, kí a má sì ṣe ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí a wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ló kàn. A lẹ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ògiri gbogbo kíláàsì, a sì sọ ṣíbí náà di ti ilé ìdáná.

Nígbà tí ìwé ìbẹ̀wò mìíràn dé, mo kọ ojú ewé kan fún àwọn alábẹ̀wò. Mo kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kíláàsì rẹ̀, ohun tí a ṣàkíyèsí, ọjọ́ tí a rán an lọ sí ilé ìwòsàn, ohun tí tíṣà ń ṣe fún un, àti ohun tí agbára wa kò ká. Mo fi àkọsílẹ̀ kan náà sínú log book pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, nítorí bébà lè sọnù. Ojú ewé yẹn ni mo gbé sórí gbogbo ìwé, kí àwọn àlejò tó bèèrè ohunkóhun. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó wọ kíláàsì, ẹ ka èyí.” Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ilé-ìwé tó kù níwájú àwọn pọ̀, ó sì kọjá lọ síbi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Obìnrin tó bá a wá jókòó, ó kà á tán, ó bi mí ní ìbéèrè, ó sì wọ kíláàsì náà lọ. Ó dúró níwájú ọmọbìnrin náà, ó kọ ìbéèrè rẹ̀ sórí bébà, ọmọ náà sì kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn náà kò pé, ṣùgbọ́n ìdáhùn ni. Kò tún ìbéèrè kọ.

Ìjábọ̀ kejì kò yìn wá púpọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ṣì burú, rẹ́jísítà kíláàsì kan kò pé, gbogbo rẹ̀ ló kọ. Àmọ́ ní abala àbá, obìnrin náà tọ́ka sí òfin ọdún 2018, ó sì kọ ọ́ pé ilé-ìwé yìí nílò olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ àkànṣe. Èmi ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà láìrí èsì. Ìwé alábẹ̀wò ní ẹsẹ̀ tí ìwé ọ̀gá ilé-ìwé kò ní, ó máa ń dé orí tábìlì ẹni tó ń pín òṣìṣẹ́. Wọ́n rán olùkọ́ kan sí wa nígbẹ̀yìn, tí àwa àti àwọn ilé-ìwé mìíràn jọ ń pín. Kò tó, mo sì ń kọ ọ́ lọ́dọọdún pé kò tó.

Sí ẹ̀yin alábẹ̀wò tí ẹ bá ka èyí: bí ẹ bá dé ilé-ìwé, ẹ béèrè ọmọ tí kò wá lónìí àti ìdí tí kò fi wá. Ẹ fi rẹ́jísítà ọ̀sẹ̀ tó kọjá wé ti ọjọ́ náà. Bí ọmọ kan bá máa ń wà lójoojúmọ́ tí kò sì sí ní ọjọ́ tí ẹ wá, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má sì fi ìyà jẹ tíṣà tó bá jẹ́ olóòótọ́ nípa ohun tí kò lè dá ṣe, torí ọjọ́ tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò padà sílé lọ jókòó.

Ìṣòro tó wà níwájú wa báyìí ni ìdánwò. Ọmọbìnrin náà ti dé kíláàsì kẹfà. Ọ̀pọ̀ àjọ ìdánwò ló ní ètò fún ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ tàbí tí kò ríran, WAEC wà lára wọn, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ló gbọ́dọ̀ sọ irú ìpèníjà tí ọmọ ní nígbà tó bá ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀; bí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ bá kọjá, ẹ̀bẹ̀ kì í sábà tà. Mo ti kó àyẹ̀wò ilé ìwòsàn rẹ̀, àwọn ojú ewé log book tó mẹ́nu kàn án, àti ìwé iṣẹ́ rẹ̀ láti kíláàsì kẹta sínú fáìlì kan, mo sì ti mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún ọ̀gá ilé-ìwé girama tó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé e lọ. Ọ̀gá náà bi mí bóyá télọ̀ wa lè máa wá sọ́dọ̀ wọn, àti iye tí a ń san fún un. Ẹni tó bá ní irú ọmọ yìí ní kíláàsì karùn-ún, kí ó ti bẹ̀rẹ̀ fáìlì tirẹ̀ ní sáà yìí, torí èsì láti ilé ìwòsàn nìkan lè gba sáà kan odindi.